Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àyẹ̀wò Ìtàn Bí Àwọn Ènìyàn Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Àbáyọ Nígbà Ìjàm̀bá Iná

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ṣe ń yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá jáde nígbà tí iná bá ṣẹ́ yọ. Ìjàm̀bá tí ó ṣẹlẹ̀ ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, ni a fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ náà. A fi í wé ogun Èkó ti ọdún 1851 àti àwọn ìjàm̀bá iná kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ohun tí a rí fi hàn pé kì í ṣe wèrè tàbí àìgbọ́n ni ó ń darí ẹsẹ̀ ẹni tí ń sá fún iná. Ọ̀nà tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ìròyìn tí ó dé etí rẹ̀ ni wọ́n ń darí rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ìgbàlà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí iná tó ṣẹ́, inú kíláàsì sì ni ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún òwe yìí ni pé onírúurú ọgbọ́n ni a lè fi ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òwe náà bí ó ṣe rí gan-an, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ọjà ni ó ń sọ. Ọjà tí ó ní ọ̀nà mẹ́rin wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀ ọ́ láti kékeré lè má mọ̀ pé mẹ́ta yòókù wà. Ní ọjọ́ ìrọ̀rùn, àìmọ̀ yìí kò pa á lára. Ní ọjọ́ tí ìjà tàbí iná bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọjà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó mọ̀ yẹn ni yóò fẹ́ gbà jáde, gbogbo àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé náà yóò sì fẹ́ gbà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò le láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti dáhùn: nígbà tí iná bá ń jó, kí ni ó máa ń mú kí ènìyàn gba ìhín tí kò gba ọ̀hún? A kò béèrè é fún ọgbọ́n orí lásán. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti bọ́ nítorí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn sá gbà, láìjẹ́ pé iná fúnra rẹ̀ kàn wọ́n lára. Lẹ́yìn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀, a máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé, “Ìpayà ni ó pa wọ́n, wọn ìbá dúró jẹ́ẹ́ ni.” Ẹ̀bi ni ọ̀rọ̀ yìí ń dì ru òkú. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òkú ni ó jẹ gbèsè náà lóòótọ́.

Ọ̀nà Àbáyọ ní Àwùjọ Yorùbá Àtijọ́

Kì í ṣe òní ni àwọn Yorùbá ti ń ronú sí ọ̀ràn ọ̀nà àbáyọ. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ mú òkété mọ̀ pé ihò tí òun rí kì í ṣe ihò kan ṣoṣo tí ẹranko náà gbẹ́. Bí kò bá wá ihò kejì kí ó sì dí i, òkété yóò gba ibẹ̀ lọ. Ìlú tí a mọ odi yí ká pẹ̀lú ní bodè ju ẹyọ kan lọ, oníbodè sì wà ní ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, akéde a lu agogo káàkiri ìlú. Kì í pariwo lásán. A sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a sì sọ ohun tí ọba ní kí ará ìlú ṣe. Kókó yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sí i.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ apá kan láti inú irú ìsálà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 àti 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, kí wọ́n sì dá Akítóyè padà síbẹ̀. Ìbọn àgbá àti ọta oníná tí wọ́n yìn dá iná sí ìlú, ilé tí ó pọ̀ sì jó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kúrò ní Èkó. Orí omi ni wọ́n gbà. Wọ́n kọjá sí ìhà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ wà tí òun àti Kọ́ńsù Benjamin Campbell fi bá ara wọn ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854. Títí di òní ni a fi ń pe apá kan àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí a sì ń pe apá kejì ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́.

Kí ni ó mú kí ìsálà yẹn ṣeé ṣe lábẹ́ iná àti ọta? Àwọn tí ó sá lọ mọ ọ̀sà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja, lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, ọkọ̀ ojú omi wà ní ìkáwọ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí yóò gbà wọ́n ní èbúté tí wọn ń lọ. Omi tí àlejò yóò rí bí òpin ọ̀nà, ọ̀nà ni lójú tiwọn. Ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, ní ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, omi mìíràn di kòtò ikú fún àwọn tí ń sá fún iná. Ohun tí ó yàtọ̀ láàrin ìsálà méjèèjì ni ìmọ̀ tí àwọn tí ń sá ní nípa ibi tí wọn ń lọ.

Ìjàm̀bá Ìkẹjà àti Kánáàlì Òkè-Àfà, Ọdún 2002

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilẹ̀ mì tìtì, gíláàsì ojú fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tí ó jìnnà réré, ọta sì ń fò wọ inú ilé àwọn ènìyàn.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún ará ìlú lójú ẹsẹ̀ pé báyìí ni ó ṣe rí. Oṣù kan péré ṣáájú ni wọ́n pa Olóyè Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2001. Ìlú kò tí ì fara balẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó sì ti rí ìfipágbàjọba léraléra, tí kò tí ì lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìjọba alágbádá, nígbà tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá ti bárékè jáde, kí ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò rò? Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ológun tún ti gbàjọba ni. Àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Ìgbà tí ó yá ni àwọn aláṣẹ tó jáde láti sọ pé ìjàm̀bá lásán ni.

Àwọn ènìyàn tú jáde láti inú ilé. Àwọn kan gbé ọmọ pọ̀n, àwọn kan fa ọmọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ṣáko lọ láìrí òbí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọrí sí ìhà Ìsọlọ̀ àti Ẹ̀jìgbò. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ní Òkè-Àfà, kánáàlì kan dábùú ọ̀nà wọn, ewéko orí omi sì ti bo ojú rẹ̀ débi pé lójú àlejò, nínú òkùnkùn, pápá ni ó jọ. Àwọn tí ó wà níwájú já sínú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò rí wọn, wọ́n sì ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni wọ́n ń gbé jáde láti inú omi, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni obìnrin àti ọmọdé. Iye àwọn tí ó kú nínú gbogbo ìjàm̀bá náà lé ní 1,000. Àwọn tí ó kú sínú omi sì pọ̀ ju àwọn tí àdó pa lọ. Òkè-Àfà ni a sin ọ̀pọ̀ wọn sí, ibẹ̀ ni a gbé òkúta ìrántí wọn kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn ẹbí sì máa ń pé jọ sí ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, láti rántí wọn.

Kí ni ó darí ẹsẹ̀ wọn sí ibẹ̀? A lè to ìdí mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ. Ìdí kìíní ni ariwo. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń lé òun kò ní ìwọ̀n mìíràn ju pé kí ó kẹ̀yìn sí ibi tí ariwo ti ń wá. Ìdí kejì ni àìsí ìròyìn. Àwọn tí ó wà ní Òkè-Àfà ti jìnnà sí bárékè dé ibi tí àdó kò lè bá wọn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé wọ́n ti bọ́. Ìdí kẹta ni àwùjọ. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ ọ̀nà, a máa wo ibi tí ẹlòmíràn ń lọ, a sì gbà pé ẹni náà mọ̀. Ìdí kẹrin ni ojú ilẹ̀ fúnra rẹ̀: kánáàlì tí kò ní odi, tí ewéko bò, tí kò sí iná tàbí àmì kankan ní etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí èyíkéyìí nínú ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí ó jẹ́ wèrè. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn tí a bá gbé sí ipò kan náà, tí kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ, ohun tí wọ́n ṣe ni yóò ṣe. Mẹ́ta nínú ìdí náà ni ó sì wà ní ìkáwọ́ àwọn tí kò sí nínú eré náà rárá: àwọn tí ó yẹ kí ó fún ìlú ní ìròyìn, àwọn tí ó yẹ kí ó mọ odi sí etí omi, àti àwọn tí ó jẹ́ kí ohun ìjà wà láàrin ilé àwọn ènìyàn.

Ẹ̀rí láti Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí a bá wo ìtàn ìjàm̀bá iná ní ilẹ̀ mìíràn, a ó rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀ ti Èkó. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, iná jó gbọ̀ngàn eré Iroquois ní ìlú Chicago, ó sì pa àwọn ènìyàn tí ó tó 600. Ìlẹ̀kùn wà nínú gbọ̀ngàn náà ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti àwọn kan pa, aṣọ ìkélé bo àwọn kan, àwọn mìíràn sì ní ìdè tí àwọn òǹwòran kò mọ bí a ti í ṣí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1942, ní ilé fàájì Cocoanut Grove ní ìlú Boston, ẹni 492 ni ó kú. Ìlẹ̀kùn tí ń yí po bí òkòtó ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé; ibẹ̀ ni wọ́n rọ́ lọ, títí tí kò fi lè yí mọ́. Láti ara irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ ni òfin ti jáde pé kí ìlẹ̀kùn ibi tí èrò ń pé sí máa ṣí síta, kí ó sì jẹ́ èyí tí a kàn lè fi ara tì.

Òfin ìlẹ̀kùn dára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀ràn náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1973, iná jó ilé ìgbafẹ́ Summerland ní erékùṣù Isle of Man, ẹni 50 sì kú. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Jonathan Sime, ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣe sá jáde. Ó rí i pé àwọn àlejò máa ń lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá wọlé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́, tí ó mọ ìlẹ̀kùn àbáyọ nítorí iṣẹ́ wọn, gba ìlẹ̀kùn náà. Ó tún rí i pé àwọn tí ó wá pẹ̀lú ẹbí kì í fẹ́ jáde láìjẹ́ pé wọ́n rí ẹbí wọn. Òbí a máa wá ọmọ kí ó tó wá ìlẹ̀kùn. Àbá rẹ̀ ni pé nínú ewu, ènìyàn a máa fà sí ibi tí ó mọ̀ àti ẹni tí ó mọ̀.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2003, ọ̀rọ̀ yìí tún fara hàn ní ilé fàájì The Station ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà nínú ilé ni ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà iwájú tí wọ́n gbà wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí inú ilé náà fi di ibi tí ènìyàn kò lè mí sí mọ́. Ẹni 100 ni ó kú. Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ènìyàn kò gbà rí, ògiri ni lójú ẹni tí ń sá.

Ohun kan tún wà tí ó ń ṣáájú yíyan ọ̀nà, òun ni yíyàn láti dìde. Ní ọdún 1968, Bibb Latané àti John Darley gbé ìdánwò kan jáde nínú èyí tí wọ́n fẹ́ èéfín wọ inú yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ̀wé. Nínú àwọn tí ó dá wà, ìdá 75 nínú 100 ni ó jáde lọ sọ fún ẹni tí ó yẹ. Nígbà tí wọ́n fi ẹni méjì tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdá 10 péré ni ó dìde. Ojú ẹnìkejì wa ni a fi ń mọ̀ bóyá ewu wà. Ìmọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ojú olùkọ́ ni ogójì ọmọ ń wò nínú kíláàsì.

Ṣé Ìpayà Ni?

A kò lè ṣàì dáhùn àwọn tí ó gbà pé ìpayà ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. A gbà pé ẹ̀rù ba àwọn tí ó wà ní Òkè-Àfà, a sì gbà pé àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ àmì pé àwọn ènìyàn ti sọ ọkàn wọn nù. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé ẹni iwájú ti ṣubú; bí ó bá mọ̀ ni, ìbá dúró. Ẹni tí ó pọn ọmọ, tí ó tún fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́ nínú eré bẹ́ẹ̀, kò tí ì sọ ọkàn rẹ̀ nù. Ó ṣì rántí ẹni tí ó jẹ́ àti ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ “ìpayà” ni pé ó ń pa ìbéèrè. Bí a bá ti sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí etí omi kò fi ní odi. Ó tún ń mú kí àwọn aláṣẹ fi ìròyìn pamọ́ nígbà ewu, pẹ̀lú èrò pé bí ará ìlú bá gbọ́, wọn yóò ya wèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2002 kọ́ wa ní ìdàkejì. Àìgbọ́ ìròyìn ni ó pa àwọn ènìyàn. Akéde àtijọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó ń sọ fún ìlú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kí wọ́n ṣe.

Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọ̀nà Àbáyọ

Ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1958, iná ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels ní Chicago. Èéfín kún àkàsọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kí àwọn tí ó wà nínú kíláàsì tó mọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ti dí. Akẹ́kọ̀ọ́ 92 àti olùkọ́ mẹ́ta ni ó kú. Ọ̀pọ̀ bẹ́ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà tún òfin iná ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣe.

Ní Ìjẹgun ní Èkó, ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, ẹ̀rọ katakata tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà bẹ́ ọ̀pá epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, iná sì ràn dé ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú eré àsápajúdé, àwọn ọmọ kan fara gbọgbẹ́. Ní Abúlé-Àdó, ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìbúgbàmù wó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bethlehem lulẹ̀. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ náà, Arábìnrin Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Àwọn ọmọ náà yè. Nínú ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀, òun ni ó fi hàn kedere jù lọ pé ẹnì kan tí ó mọ ilé, tí àwọn ọmọ sì mọ ohùn rẹ̀, lè yí ibi tí àwọn ènìyàn ń sá lọ padà. Ẹnu àìpẹ́ yìí náà ni iná ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, ní Afriland Towers ní erékùṣù Èkó, níbi tí èéfín ti lé àwọn òṣìṣẹ́ dé ojú fèrèsé, tí àwọn kan sì kú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé ara wa. Òǹkọ̀wé yìí ti kọ́ni fún ọdún díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan tí ó ní ìlẹ̀kùn méjì. Àgádágodo ni ó wà lára èyí tí ó wà lẹ́yìn, nítorí olè. Irin wà ní gbogbo ojú fèrèsé, nítorí olè kan náà. Nígbà tí mo béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ti gba ìsinmi lọ sílé. Kò sí ibi púpọ̀ tí èyí kò sí, láti Benson ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. A kò sọ pé kí a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Olè kì í sábà wá nígbà tí igba akẹ́kọ̀ọ́ jókòó nínú gbọ̀ngàn. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, kí a ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ìlẹ̀kùn tí a tì nítorí olè máà di èyí tí a tì mọ́ ọmọ.

Láti inú ìtàn tí a ti yẹ̀ wò, àbá márùn-ún ni a ní fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́:

(i) Kí ìlẹ̀kùn kejì jẹ́ ìlẹ̀kùn tí a ń lò lójoojúmọ́. Bí àwọn ọmọ bá gba iwájú wọlé láàárọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀yìn jáde lọ́sàn-án. Àbá yìí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, òun ni ó sì bá ohun tí Sime rí mu jù lọ: ohun tí a mọ̀ ni a ń sá lọ bá.

(ii) Kí a máa ṣe ìdánrawò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ sì dí ọ̀nà kan nígbà mìíràn, kí ó sọ pé, “Iná wà níbí.” Ìdánrawò tí ó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò kọ́ni.

(iii) Kí olùkọ́ kọ́ bí a ti ń pàṣẹ. “Ẹ sá!” kò sọ ibi tí a ń lọ. “Ẹ dìde, ẹ gba ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ lọ sí abẹ́ igi máńgòrò” sọ ohun gbogbo. Kí ó jẹ́ olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ dìde, nítorí bí òun bá jókòó, gbogbo kíláàsì yóò jókòó.

(iv) Kí ibi ìpàdé kan wà tí òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà padà sínú iná láti wá ẹni tí ó ti jáde.

(v) Kí a kọ́ àwọn ọmọ láti ya àwòrán àdúgbò wọn: ibi tí odò wà, ibi tí kánáàlì wà, ibi tí ọ̀pá epo gbà kọjá, ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí omi kò jìnnà sí wa, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ yìí lè di ẹ̀kọ́ ìyè. Omi tí Kòsọ́kọ́ mọ̀ gbà á là. Omi tí àwọn tí ó sá dé Òkè-Àfà kò mọ̀ gbé wọn mì.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé yíyan ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ iná. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ó ti yàn án. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀, ohùn tí etí rẹ̀ ti mọ̀, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ so mọ́ ni yóò darí rẹ̀ nígbà tí èéfín bá bo ojú. Ẹ̀kọ́ àwọn ìlẹ̀kùn Chicago àti Boston ni pé ó yẹ kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Summerland àti Rhode Island kọ́ wa pé ó yẹ kí ọ̀nà jẹ́ mímọ̀. Ti Òkè-Àfà ni pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ òkúta ìrántí ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, kí a má ṣe sọ pé ìpayà ni ó pa àwọn tí ó sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà láàrin wọn kò tí ì dàgbà tó láti mọ ọ̀nà. Àwa àgbà ni ó yẹ kí ó fi hàn wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ ni àgbà inú kíláàsì. Kí ó tó kọ ọjọ́ sára pátákó ní ọ̀la, kí ó kọ́kọ́ rìn lọ sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ó sì wò ó bóyá ó ń ṣí.